Lítà Epo Kì Í Ṣe Kílò Epo: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Ọ̀rọ̀ epo àti òróró ló gba iwájú nínú lẹ́tà yín lóṣù yìí. Lítà ló wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kílò ni wọ́n ń bi í. Ìlànà oúnjẹ ní kí ẹlòmíràn lo gíráàmù, kóòpù nìkan ló sì wà nílé ìdáná rẹ̀. A kó àwọn tó jọra pọ̀, ìdáhùn wọn nìyí.

Tọ́ọ̀nù kan, kẹ́ẹ̀gì mélòó?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Epo pupa ni mò ń tà. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ máa rà lọ́wọ́ mi, àmọ́ iye tí mò ń ta tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ń béèrè. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni èmi fi ń tà. Mo ṣírò rẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì 40. Ṣé mo gbà á? — Ìyá Elépo, Ìkirè*

Ẹ ò gbà á, ìyá wa. Kẹ́ẹ̀gì 44 ni.

Lóòótọ́, kẹ́ẹ̀gì 40 jẹ́ lítà 1,000. Ṣùgbọ́n omi ni lítà rẹ̀ kan ń wọn kílò kan. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, òun ló fi jẹ́ pé ibi yòówù kí wọ́n ti da méjèèjì pọ̀, epo ni yóò lékè; ẹ̀yin náà sì ti ṣe àmín sí àdúrà yẹn rí. Nínú ooru ilẹ̀ wa, tó máa ń wà ní nǹkan bíi dígíríì 30, lítà epo kan ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 910. Nítorí náà, bí ẹ bá ní lítà tí ẹ ń wá kílò, ẹ sọ iye lítà náà di púpọ̀ ní ọ̀nà 0.91. Bó bá jẹ́ pé kílò lẹ ní, tí ẹ ń wá lítà, ẹ fi 0.91 pín in.

Kẹ́ẹ̀gì yín kan, 25 ní ọ̀nà 0.91, jẹ́ kílò 22.75. Tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn kílò 1,000, tí a bá fi 0.91 pín in, ó di lítà 1,099. Kẹ́ẹ̀gì 44 nìyẹn láìsí àníàní. Ibi tí àdánù wà ni pé, bí ẹ bá ti fi 40 sọ owó kẹ́ẹ̀gì kan di púpọ̀, tí ẹ sì pe ìyẹn ní owó tọ́ọ̀nù, iléeṣẹ́ náà á máa gbé epo yín sórí òṣùwọ̀n títí yóò fi pé kílò 1,000. Kẹ́ẹ̀gì 4 ti bá ọ̀fẹ́ lọ lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Owó kẹ́ẹ̀gì kan ní ọ̀nà 44 ni kí ẹ pè.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ń yọ ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ kúrò, kí iye tí wọ́n bá yọ má sì jẹ́ àfojúdá. Ẹ ní kí wọ́n wọn òfìfo kan lójú yín. Bí òfìfo kan bá wọn kílò 1, mẹ́rìnlélógójì jẹ́ kílò 44, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi kẹ́ẹ̀gì epo méjì. Ẹni tó bá yọ kílò 1 ààbọ̀ lórí òfìfo tó wọn kílò 1 ti jẹ kílò 22 lára yín.

Ohun kan kù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù, 0.92 lẹ máa bá. Wọn kò parọ́. Dígíríì 20 ni wọ́n ti sábà máa ń wọ̀n ọ́n. Bí epo bá ṣe ń gbóná ló ń fẹ̀ sí i, lítà rẹ̀ kan á sì máa fúyẹ́ sí i: tí ooru bá fi dígíríì 10 lé, nǹkan bíi 0.007 ló máa dín. Ní dígíríì 30, òróró sóyà wà ní nǹkan bíi 0.915, òróró ẹ̀pà àti àdín súnmọ́ 0.91, epo pupa sì ń wà ní nǹkan bíi 0.905. Ẹ di 0.91 mú fún gbogbo wọn, kò ní ṣì yín lọ́nà nílé ìdáná. Fún ọjà tọ́ọ̀nù, òṣùwọ̀n ni kó parí ọ̀rọ̀.

Ìgò tí kò ní àmì

*Oríṣiríṣi ìgò àti ike ni mo fi ń ra òróró, kò sí nọ́ńbà lára wọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tó wà nínú wọn? — Òǹkàwé kan, Òṣogbo*

Omi ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Gíráàmù omi kan jẹ́ mílílítà kan, ìyàtọ̀ tí ooru ilẹ̀ wa ń mú wá kò tó nǹkan.

Ẹ gbé ìgò náà, gbígbẹ, sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ ohun tó wọ̀n sílẹ̀. Ẹ fi bírò fa ìlà sí ọrùn rẹ̀, kí ẹ rọ omi sí i dé ìlà náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní òfìfo wọn gíráàmù 32, tó sì di 780 nígbà tí omi wọ̀ ọ́: omi inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 748, ìgò yín sì jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 75, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 750. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi nù, kí ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ dáadáa, nítorí ẹ̀kán omi tó bá kù sí ìdí á ba ìṣirò jẹ́. Ẹ wá rọ òróró dé ìlà kan náà. Bó bá wọn 714, ẹ yọ 32, ó ku 682. Ẹ fi 748 pín 682, ẹ ó rí 0.91. Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ yìí dáa ju tábìlì èyíkéyìí lọ, nítorí òróró yín gan-an, nínú ooru ilé yín gan-an, lẹ wọ̀n.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí èèyàn máa wo ìlà láti òkè. Orí tábìlì tó tẹ́jú ni kí ìgò wà, kí ojú yín sì bá ìlà dọ́gba. Èkejì ni ìfófòó: òróró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà máa ń ní afẹ́fẹ́ nínú, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan kó balẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ńlá náà gba irú ìdánwò yìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní lítà 25 lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n bá kún un dé ẹnu, èyí tí ìdí rẹ̀ sì ti tẹ̀ wọnú lè má gbà tó bẹ́ẹ̀.

Kóòpù, ọ́ǹsì àti gíráàmù nínú kéèkì

*Ìlànà kéèkì kan ní òróró gíráàmù 300. Mo lo mílílítà 300, kéèkì náà gbẹ. Òmíràn láti Amẹ́ríkà ní kóòpù kan, òmíràn ní ọ́ǹsì 8. Èwo ni kí n gbà? Ṣé mo lè fi òróró dípò bọ́tà? — Aṣe-kéèkì, Ìlọrin*

Mílílítà 300 òróró jẹ́ gíráàmù 273 péré. Gíráàmù 27 ló sọnù, ìyẹn ṣíbí ìdíwọ̀n ńlá méjì, ó sì lè fa gbígbẹ tí ẹ rí. Mílílítà 330 ni gíráàmù 300.

Kóòpù Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 240, òróró inú rẹ̀ á wọn gíráàmù 218. Ọ̀pọ̀ kóòpù ìdíwọ̀n tí wọ́n ń tà lọ́jà wa jẹ́ mílílítà 250, tiwọn á wọn 228. Ìyàtọ̀ gíráàmù 10 kò lè ba kéèkì kan jẹ́, àmọ́ tí ẹ bá ń pò ó ní ìlọ́po mẹ́wàá fún ìnáwó, ó ti di gíráàmù 100. Ní ti ṣíbí, ṣíbí ìdíwọ̀n ńlá ti mílílítà 15 ń gba gíráàmù 14 ó dín díẹ̀, ti kékeré tó jẹ́ mílílítà 5 ń gba 4.5. Ṣíbí tí ẹ fi ń jẹ ìrẹsì kì í ṣe ìdíwọ̀n.

Ọ́ǹsì ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú, nítorí méjì ni. Ọ́ǹsì ìwọ̀n jẹ́ gíráàmù 28.35. Èyí tí wọ́n kọ fl oz sí lára jẹ́ ti ohun olómi, ti Amẹ́ríkà jẹ́ mílílítà 29.57, ti Gẹ̀ẹ́sì 28.41. Ọ́ǹsì ìwọ̀n 8 jẹ́ gíráàmù 227, fl oz 8 ti Amẹ́ríkà jẹ́ òróró gíráàmù 215. Tí ìlànà náà bá kọ oz lásán sí ìyẹ̀fun àti ṣúgà, tó sì kọ fl oz sí mílíìkì, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ìyàtọ̀. Tó bá kọ oz sí ohun gbogbo, tí kóòpù sì wà níbòmíràn nínú rẹ̀, fl oz ló ṣeé ṣe kó ní lọ́kàn fún òróró.

Bọ́tà kì í ṣe ọ̀rá lódidi. Bọ́tà gidi ní nǹkan bíi ìdá 80 nínú 100 ọ̀rá, omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Dípò bọ́tà gíráàmù 250, ẹ lo òróró gíráàmù 200, ìyẹn mílílítà 220, kí ẹ fi omi tàbí mílíìkì mílílítà 40 kún un. Ẹ ka ara páálí náà kí ẹ tó ṣírò, nítorí àwọn bọ́tà ìfibúrẹ́dì kan wà tí ọ̀rá inú wọn kò tó 80 rárá. Ẹ sì mọ̀ pé òróró kì í di afẹ́fẹ́ mú bí bọ́tà tí a fi ṣúgà pò: kéèkì tí gbogbo wíwú rẹ̀ wà lọ́wọ́ pípò yẹn kò ní ga tó bẹ́ẹ̀. Fún ṣinṣín, ẹ má ṣe bù kún ìwọ̀n rárá. Tí ọ̀rá bá pọ̀ jù nínú ìyẹ̀fun rẹ̀, inú òróró gbígbóná ló máa ti fọ́nká.

Ọṣẹ tó ń ta ọwọ́

*Ẹ̀rọ ìṣírò ọṣẹ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n fi kọ́sítíìkì gíráàmù 668 sí àdín 4. Mo lo lítà 4 àdín, mo sì wọn kọ́sítíìkì náà pẹ́. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọṣẹ náà ṣì ń ta ọwọ́. Ṣé kọ́sítíìkì ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? — Ọlọ́ṣẹ, Oǹdó*

Kọ́sítíìkì yín kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ká ní ayédèrú ni, ọṣẹ náà ìbá rọ̀, epo ìbá sì máa yọ lára rẹ̀. Kò ní ta yín. Kílò 4 ni ẹ̀rọ náà ń sọ, ẹ̀yin lo lítà 4.

Lítà 4 àdín jẹ́ kílò 3.64. Kílò àdín kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 176 kọ́sítíìkì kí gbogbo rẹ̀ tó di ọṣẹ. Àwa aṣọṣẹ kì í lò ó tó bẹ́ẹ̀. A máa ń yọ ìdá 5 nínú 100 kúrò kí àdín díẹ̀ lè ṣẹ́ kù tí yóò rọ awọ ara, ìyẹn ló fi di 167 lórí kílò kan. Ohun tí kílò 3.64 fẹ́ nígbà náà ni gíráàmù 608. Kódà bí ẹ kò bá fi àdín kankan ṣẹ́ kù, 641 ló lè jẹ tán. Ẹ fi 668 sí i. Gíráàmù 27 kọ́sítíìkì ló ń rìn kiri nínú ọṣẹ náà láìrí àdín kankan jẹ, òun ló ń jẹ ọwọ́ yín. Kò sí iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ lè fi í sílẹ̀ tí ìyẹn máa fi di ọṣẹ; gbígbẹ ló kàn máa gbẹ.

Ẹ má dà á nù, ó ṣeé tún ṣe. Kọ́sítíìkì 668 fẹ́ kílò 4 àdín, kílò 3.64 ló rí, nítorí náà gíráàmù 360 ló kù, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 396. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ fi ohun ìrin rin ọṣẹ náà wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò stainless tàbí ti tángaran tí kò tíì bó. Ẹ má ṣe lo ìkòkò àlùmíníọ̀mù láé, kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ tó lè gbiná á sì máa jáde. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, èyí tó kàn máa mú kó rọ̀ ni, kí ẹ gbé e ka iná tó rọra ń jó. Nígbà tó bá ti ń yọ́, ẹ da gíráàmù 360 àdín náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí tí ẹ ò fi ní rí epo lójú rẹ̀ mọ́. Ó lè gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dà á sínú férémù, kí ẹ tún jẹ́ kó dúró ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò ní dán bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n yóò fọ aṣọ.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe ọṣẹ, òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi bu àdín, kọ́sítíìkì àti omi, kóòpù kò ní nǹkan ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Tí ẹ bá ń da epo méjì pọ̀, ẹ ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ohun tí wọ́n ń gbà kò dọ́gba: kílò epo pupa kan ń gba kọ́sítíìkì nǹkan bíi 141, òróró àgbọn ń gba nǹkan bíi 183. Ẹ sì rántí pé inú omi la ń da kọ́sítíìkì sí. Bí ẹ bá da omi lé e lórí, yóò hó, yóò sì ta síni lójú. Ike rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní dídé pinpin, nítorí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Èyí tó bá ti rin á wọ̀n, agbára rẹ̀ kò sì ní tó ohun tó wọ̀n.

Bọ́tìnì ml lára òṣùwọ̀n

*Òṣùwọ̀n ilé ìdáná mi ní bọ́tìnì tó ń yí g sí ml. Mo gbé òróró lé e, mo tẹ bọ́tìnì náà, nọ́ńbà kan náà ló gbé wá. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta*

Kò bàjẹ́. Omi ló rò pé ẹ gbé lé òun, gíráàmù kan sì ni mílílítà omi kan. Tó bá kọ 500 ml fún òróró, gíráàmù 500 lẹ ní, ìyẹn mílílítà 549. Àwọn kan ní ti mílíìkì pẹ̀lú; mílíìkì wúwo ju omi lọ, ẹ̀yìn lẹ tún ń lọ yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí g. Ẹ gbé abọ́ lé e, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ TARE sí kó padà sí òdo, kí ẹ máa da òróró síbẹ̀ tààrà. Mílílítà 500 tí ẹ ń wá á pé nígbà tí òṣùwọ̀n bá dé 455. Kò sí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara kóòpù, kò sì sí kóòpù láti fọ̀.

Epo tó lọ sílẹ̀ mọ́jú

*Mo ra epo gbígbóná ní ẹbu, kẹ́ẹ̀gì kún dé ẹnu. Ọjọ́ kejì ó ti lọ sílẹ̀, kò sì jò. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? — Òǹkàwé kan, Ilé-Olúji*

Ooru ló lọ. Bí epo náà bá wà ní dígíríì 60 nígbà tí wọ́n rọ ọ́, tó sì tutù dé 30, lítà 25 á fi bíi ìdajì lítà dín. Nígbà tó gbóná yẹn, kílò 22.25 ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ rò pé 22.75 ni. Ẹni tó tà á lè má mọ̀, àmọ́ ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí: ẹ ra á lórí òṣùwọ̀n, tàbí kí ẹ jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó kún un. Epo gbígbóná máa ń jẹ́ kí ike rọ̀, kó sì wú, ìyẹn náà á tún mú kí ìlà ẹnu kẹ́ẹ̀gì purọ́.

Epo tó ń rìnrìn àjò

*Ìyá mi fẹ́ fi lítà 10 epo pupa ránṣẹ́ sí mi ní Manchester, kílò ni wọ́n fi ń gbowó ẹrù. Èyí tó fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ dì gbagidi, kóòpù ò ṣeé fi bù ú. — Òǹkàwé kan, Manchester*

Kílò 9.1 ni, ẹ wá fi ìwọ̀n ike àti páálí kún un. Ẹ béèrè bóyá wọ́n tún ń wo bí páálí ṣe tóbi tó, nítorí ọ̀pọ̀ agbẹ́rù ló máa ń gba èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Kí màmá má ṣe kún ike dé ẹnu: nínú ike lítà 5, kí wọ́n fi bíi mílílítà 150 sílẹ̀, kí epo lè ráyè wú tí oòrùn bá pa á lójú ọ̀nà.

Òtútù kì í yí ìwọ̀n padà. Kílò kan nínú ọyẹ́ ni kílò kan nínú ooru. Kóòpù ló máa ń ṣì yín lọ́nà, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń há sáàárín epo dídì. Ẹ fi ṣíbí bù ú sórí òṣùwọ̀n, tàbí kí ẹ ti ike náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́, kí ẹ mì ín kí ẹ tó bù. Èyí tó dì sí ìdí àti èyí tó ṣàn lókè kò rí bákan náà. Kò pọn dandan fún ọbẹ̀, àmọ́ ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọṣẹ gbọ́dọ̀ yọ́ odindi ike.

Ṣé òṣùwọ̀n lè tú àṣírí omi?

*Tí mo bá wọn kẹ́ẹ̀gì epo, ṣé mo lè mọ̀ bóyá wọ́n ti bu omi sí i? — Òǹkàwé kan, Ìkòròdú*

Kò dájú. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó mọ́ ń wọn kílò 22.75. Tí wọ́n bá yọ lítà 2 ààbọ̀ epo kúrò, tí wọ́n fi omi rọ́pò rẹ̀, á di kílò 22.98. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá mẹ́rin kílò kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín kẹ́ẹ̀gì kan sí òmíràn sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná ló ń tú irú àṣírí yẹn. Ẹ bu ṣíbí méjì sínú páànù kékeré, iná kó rọra máa jó, kí ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Epo tó ní omi á máa ta, á máa dún paripari; èyí tó mọ́ á kàn gbóná jẹ́jẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ dáná, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó ń fi inú hàn, kí ẹ gbé e sínú oòrùn di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ yọ́ epo náà, nítorí omi kì í yà kúrò lára èyí tó dì.